Báwo ni a ṣe lè gbé ilé ìtajà oògùn wa bọ́ sórí ètò kọ̀ǹpútà tuntun láì dá ọjà dúró?

Alábòójútó Sítọ́ọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti bá ilé iṣẹ́ kan pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà rí, nítorí pé èmi ni ọ̀gá wa fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ kí n kọ bí a ó ṣe ṣe é wá kí oṣù yìí tó parí.

Oògùn ni a ń tà, ní àtàpọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké, àti ní ẹyọ-ẹyọ fún ẹni tó bá yà. Sítọ́ọ̀ ńlá wà ní Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà ní Òṣogbo, òmíràn sì wà ní Abẹ́òkúta. Peachtree, èyí tí wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ di Sage 50, ni akántáǹtì wa fi ń ṣe ìwé owó, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì wà. Windows 7 ni kọ̀ǹpútà náà ń lò, èyí tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sínú Excel tirẹ̀, gbèsè àwọn tó ń rà láwìn wà nínú ìwé ńlá kan, iye tí a bá tà lójúmọ́ sì ń gba orí WhatsApp dé ọ̀dọ̀ mi lálẹ́.

Ohun tó mú ọ̀gá wa tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ náà ni ìgbà kan tí NAFDAC kéde pé kí gbogbo ilé ìtajà kó àwọn batch kan (ìpín oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ní nọ́ńbà kan náà) nínú oògùn kan kúrò lórí àtẹ. Excel wa mọ iye páálí tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ batch tó wà níbi kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ ẹni tí a tà á fún. Ṣe ni a ń tú páálí wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí a sì ń pe àwọn oníbàárà lórí fóònù láti bi wọ́n bóyá wọ́n rà nínú rẹ̀. Oògùn ni, kì í ṣe bisikíìtì; ara èèyàn ló ń lọ.

Odoo àti ERPNext, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó ọjà, títà àti ìwé owó pa pọ̀, ni ọ̀gá wa ń wò. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí a bá mú lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọjọ́ yẹn dára? Ṣé kí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọjá lọ́jọ́ kan náà ni, àbí kí ọ̀kan ṣíwájú? Ṣé inú ọ́fíìsì wa ni kí server, kọ̀ǹpútà tó máa gbé ètò náà àti dátà rẹ̀, wà, àbí kí a gba ti orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Akántáǹtì Àgbà (Ìkẹjà)

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Kí ẹ tó dárúkọ ètò kankan fún ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ kọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ gan-an sílẹ̀. Ẹ mú páálí oògùn kan, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ìgbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ títí owó rẹ̀ yóò fi wọ báǹkì. Ta ló gbà á? Ta ló ka nọ́ńbà batch rẹ̀, ibo ló sì kọ ọ́ sí? Bí Òṣogbo bá béèrè ọjà láti Ìbàdàn, ìwé wo ló bá ọjà náà rìn? Ta ló láṣẹ láti dín owó kù fún oníbàárà? Bí oníbàárà bá dá ọjà pa dà ńkọ́? Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ni ẹ máa gbé síwájú àwọn tó ń ta ètò, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọjà tiyín gan-an ṣe é lójú yín. Àfihàn tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò lè sọ fún yín bóyá ètò náà bá yín mu.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lidl, ilé ìtajà ńlá ti Jámánì. Ọdún bíi méje ni wọ́n fi ń gbìyànjú láti gbé iṣẹ́ wọn sórí SAP, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣàkóso iṣẹ́, wọ́n sì pa á tì ní ọdún 2018 lẹ́yìn tí wọ́n ròyìn pé ó ti gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 owó Yúróò. Ọ̀kan nínú ohun tí ìròyìn sọ pé ó fà á ni pé iye tí wọ́n ra ọjà ni Lidl fi ń ṣírò ohun tó wà nínú sítọ́ọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tí wọ́n máa tà á ni ètò náà gbára lé. Dípò kí wọ́n yí àṣà wọn pa dà, wọ́n ní kí ètò náà ló yí. Níbikíbi tí ọ̀nà yín àti ọ̀nà ètò náà kò bá ti ṣe déédéé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ọ̀gá fúnra wọn sì pinnu ẹni tó máa yí pa dà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ yí àṣà yín níbi púpọ̀, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ètò náà kọ fún yín àyàfi níbi tí òfin tàbí ààbò oògùn bá ti béèrè fún un.

Ní ti ọjọ́, mo mọ ìdí tí ọ̀gá fi fẹ́ràn oṣù Kìíní, nítorí pé ìwé ọdún máa ń mọ́ tónítóní níbẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní gbà á. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ti ìrìn àjò ọdún dé, akántáǹtì yín náà sì ń ti ìwé ọdún tó kọjá pa lọ́wọ́, ọyẹ́ sì ń mú kí oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn máa tà wàràwàrà. Hershey, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, ti kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ nípa èyí ní ọdún 1999. Ètò tuntun wọn, tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, sún di oṣù Keje, ó sì di pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà tí ọjà Halloween, ọdún tí wọ́n máa ń ra ṣúìtì púpọ̀ fún àwọn ọmọdé, ń wọlé. Ṣokoléètì wà nínú sítọ́ọ̀, wọn kò rí i kó ránṣẹ́. Ọjà tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọn kò lè fi jíṣẹ́. Ẹ wá ìparí oṣù kan tí ọjà yín máa ń rọlẹ̀. Ìwé owó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù èyíkéyìí, bí a bá ti ti oṣù tó ṣáájú pa dáadáa.

Ohun mẹ́ta ni mo máa fẹ́ rí kí n tó fọwọ́ sí i pé kí ẹ kọjá: kí iye tó wà ní báǹkì nínú ìwé bá ti báǹkì mu, kí oníbàárà tó jẹ yín lówó fọwọ́ sí iye tó jẹ, ìwé sí ìwé, ní pàtàkì àwọn tó jẹ owó ńlá, kí ẹ sì fi ọwọ́ ka ọjà ní gbogbo ẹ̀ka lọ́jọ́ kan náà. Iye tí ẹ bá fi ojú rí lórí àtẹ ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi èyí tí Excel wí bẹ̀rẹ̀.

Onídátà (Yábàá)

Mo bá ẹ̀gbọ́n Akántáǹtì lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí orúkọ ọjà, nítorí pé ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó ń fẹ́ fi àkókò síbẹ̀.

Ẹ ṣí Excel ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wá paracetamol. Ó dá mi lójú pé ẹ máa rí «Paracetamol 500mg tab», «PCM 500», «Para tabs» àti «Parcetamol» tí ẹnì kan kọ pẹ̀lú ìkánjú. Lójú yín, ọjà kan ni gbogbo wọn. Lójú ètò tuntun, ọjà mẹ́rin ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Bí a ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì kí a tó gbé e kaná ni kí ẹ ṣe sí orúkọ ọjà yín, kí ọwọ́ ètò tuntun tó kàn án.

Lẹ́yìn orúkọ ni òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a mú páàkì paracetamol kan tó ní káàdì 12, tí káàdì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ 8. Ẹyọ 96 ló wà nínú rẹ̀. Bí Excel Abẹ́òkúta bá wá kọ «96» síwájú rẹ̀, ṣé páàkì kan ló kù nílẹ̀ ni, àbí páàkì 96? Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀, ìwé náà kò mọ̀. Ẹ yan òṣùwọ̀n tó kéré jù lọ tí ẹ ń tà, kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá sọ fún ètò náà iye rẹ̀ tó wà nínú káàdì, nínú páàkì àti nínú páálí. Bí òṣùwọ̀n bá yẹ̀, owó á yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì lè máa ta páàkì ní owó káàdì láìfura.

Excel fúnra rẹ̀ tún ní àrékérekè tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà batch tó jẹ́ 00457, ó máa gé òdo iwájú rẹ̀ kúrò, á sọ ọ́ di 457. Bí batch bá jẹ́ 3E12, ó máa rò pé iye ńlá kan ni, á sì yí i pa dà sí nǹkan tí ẹ kò kọ. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ ní 03/04/2027 lè di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin lórí kọ̀ǹpútà kan, kó di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta lórí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe tò ó. Ara páálí oògùn púpọ̀ ló sì jẹ́ pé oṣù àti ọdún nìkan ni wọ́n kọ fún ìgbà tí lílò rẹ̀ máa parí, bíi 08/2027. Ìparí oṣù náà ni ó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n Excel máa sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ètò tuntun yín á sì máa kó oògùn tó ṣì dára kúrò lórí àtẹ ní oṣù kan ṣáájú àkókò. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ tò òpó batch sí ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ní ọdún, oṣù, ọjọ́, báyìí: 2027-08-31. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé tìtorí batch ni ẹ ṣe ń pààrọ̀ ètò, ó máa dùn mí gan-an bí batch bá sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ má gbàgbé owó orí ọjà, VAT. Ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni lórí ọṣẹ, ìpara àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ṣùgbọ́n a kì í gbà á lórí oògùn. Ọjà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀. Akántáǹtì yín ló yẹ kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Target, ilé ìtajà ará Amẹ́ríkà, wọ Kánádà ní ọdún 2013, ètò tuntun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ìkánjú tẹ ohun tó jẹ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà sínú rẹ̀. Ìwọ̀n àti iye tí wọ́n tẹ̀ kún fún àṣìṣe. Ilé ìkẹ́rùsí kún dẹ́nu, àtẹ inú ṣọ́ọ̀bù sì ṣófo. Ní ọdún 2015 wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù 133 tí wọ́n ní níbẹ̀ pa. Dátà nìkan kọ́ ló lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ipa tó kó níbẹ̀ kò kéré.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (London)

Ẹ kú àárọ̀ láti ìhà ibí. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè bóyá kí gbogbo ẹ̀ka jọ kọjá, nítorí pé ìlú yìí rí àpẹẹrẹ tó burú nípa rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, báǹkì TSB kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ kúrò lórí ètò báǹkì Lloyds, tó ti ń yá lò, bọ́ sórí ètò tuntun tí Sabadell, báǹkì ilẹ̀ Spéìn tó ra TSB, kọ́ fún un. Oníbàárà mílíọ̀nù 5.2 ni wọ́n ní. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé dátà fúnra rẹ̀ kọjá láyọ̀. Ètò tó yẹ kó gbé e ni ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn ní kété tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí àkáǹtì wọn ṣí, oṣù Kejìlá ọdún náà sì dé kí nǹkan tó pa dà sípò pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ tó ń ṣọ́ àwọn báǹkì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báǹkì náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bu 81,620 pọ́n-ùn lé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà náà, nítorí pé kò ṣe tó láti rí i dájú pé àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ti ṣetán ní tòótọ́.

Ilé iṣẹ́ yín kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí ìṣòro ń gbà wọlé kò yàtọ̀. Bí ẹni tó ń ta ètò fún yín bá sọ pé «a ti ṣetán», ẹ ní kó fi hàn yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tajà ní ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé sórí ètò náà ní wákàtí kan náà, kí wọ́n jọ máa tà, kí wọ́n jọ máa dá ọjà pa dà, kí wọ́n jọ máa tẹ rìsíìtì, kí ẹ sì wò ó bóyá ó máa falẹ̀. Ẹ ṣe ìdánrawò kíkó dátà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú dátà yín gan-an, kí ẹ kọ àkókò tí ìpele kọ̀ọ̀kan gbà. Bí kíkó náà bá gba òru mọ́jú nígbà ìdánrawò, ẹ kò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹ máa parí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun alẹ́.

Ní tèmi, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo ni kó ṣíwájú. Sítọ́ọ̀ Ìbàdàn ló ń bọ́ àwọn yòókù, bó bá dúró, gbogbo ilé ló dúró. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé bí ẹ̀ka kan bá wà lórí tuntun tí Ìbàdàn sì wà lórí Excel, ọjà tó ń lọ láàárín wọn kò ní ní ojú ọ̀nà kan. Ẹ máa ṣe ẹ̀ka náà bíi oníbàárà òde fún ìwọ̀nba àkókò yẹn: kí Ìbàdàn kọ ìwé fún un bí ẹni tó tà á, kí ẹ̀ka náà sì gbà á wọlé bí ẹni tó rà á, pẹ̀lú nọ́ńbà batch lórí ìwé náà. Akántáǹtì yín á wá yọ ọ́ kúrò nínú iye títà ní ìparí oṣù. Iṣẹ́ díẹ̀ ni, ó sì sàn ju kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ há.

Ẹ tún kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà pa dà sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ wákàtí tó máa parí sí. Fún àpẹẹrẹ: bó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí iye ọjà àti iye gbèsè kò tíì ṣe déédéé, Excel ni a ó fi tajà lọ́jọ́ Ajé. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà níwájú ìpinnu yẹn, kí ọ̀gá sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Láàárín òru, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo èèyàn, kò sí ẹni tó máa ń fẹ́ jẹ́ olórí tó sọ pé ká pa dà.

Oníná àti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì (Abẹ́òkúta)

Ìbéèrè nípa server ni mo fẹ́ dáhùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní etíkun Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé òkè òkun ni gbogbo ìwé rẹ̀ wà, tí kò sì ní ọ̀nà míì, jókòó ni. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ gbé server sínú ọ́fíìsì o, nítorí pé ọ́fíìsì náà ní ewu tirẹ̀: iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ooru, olè, àti ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ kọ wáyà. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú server, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà, kí ẹ wá múra sílẹ̀ fún ìgbà tí kò ní sí.

Ìmúra náà rèé. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìlà ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì tó yàtọ̀ síra. Kí rúùtà àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tajà wà lórí inverter, kí ẹ má gbọ́kàn lé jẹnẹrétọ̀ nìkan, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ tó láti ba ìwé jẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń tà á bóyá ojú ìtajà ètò náà lè máa ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ti Odoo, fún àpẹẹrẹ, bí ẹ bá ti ṣí i sílẹ̀, ó lè máa gba ọjà sílẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ yọ wáyà rúùtà, kí ẹ ta ọjà, kí ẹ dá wáyà pa dà, kí ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ tà dé Ìbàdàn, àti bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló dé. Kí ẹ sì ní ìwé rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ti dárúkọ pé òun ló máa tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ètò lẹ́yìn náà.

Nípa ìwé àdéhùn, ẹ ka ibi méjì dáadáa. Àkọ́kọ́ ni owó: bó bá jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ẹ fi iye dọ́là tó ga ju ti òní lọ ṣe ètò ìnáwó yín, kí ẹ sì fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó kíkó dátà kún un, nítorí pé owó ìwé àṣẹ ìlò nìkan kọ́ ni ẹ máa san. Ìkejì ni dátà: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹ bá fẹ́ lọ, wọ́n máa dá gbogbo rẹ̀ pa dà fún yín ní irú èyí tí ètò míì lè kà. Ẹ rántí pé òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí dátà tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Orúkọ aláìsàn àti oògùn tí dókítà kọ fún un wà nínú ètò yín. Bí wọ́n bá jí i, tí ewu sì wà fún àwọn tó ni ín, wákàtí 72 ni òfin fún yín láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. Torí náà, ẹ má ṣe fún gbogbo ẹ̀ka ní ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà. Kí oníkálùkù ní tirẹ̀, kí ó sì rí ohun tó kan iṣẹ́ rẹ̀ nìkan.

Alábòójútó Sítọ́ọ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo sì ti fi apá kan han ọ̀gá. Wọ́n ti gbà pé kí a fi oṣù Kìíní sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé kí Abẹ́òkúta ṣíwájú.

Nǹkan méjì ló kù tó ń dí wa lọ́wọ́. Akántáǹtì wa fẹ́ kí a máa kọ ohun gbogbo sínú ètò àtijọ́ àti tuntun pa pọ̀ fún oṣù mélòó kan, ọ̀gá sì ní iṣẹ́ àṣetúnṣe ni, pé kò sí ẹni tó máa ṣe é pé. Ìkejì ni pé àwọn tó ń bá wa tajà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ètò tuntun. Bọ̀dá kan tó ti wà pẹ̀lú wa láti ìbẹ̀rẹ̀, tó mọ gbogbo àwọn tó ń rà láwìn lórí, sọ fún mi pé bí kọ̀ǹpútà bá dé, iṣẹ́ òun ti tán. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà (Adó-Èkìtì)

Ẹ jẹ́ kí n gba ti àwọn òṣìṣẹ́ mú, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Nínú ìrírí mi, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà ń bẹ̀rù ni kíka ọjà. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà nínú Excel kò bá ohun tó wà lórí àtẹ mu láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì ń rò pé lọ́jọ́ tí ẹ bá kà á, ọrùn wọn ni ẹ máa gbé àìpé náà kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rù yẹn bá wà níbẹ̀, wọ́n á máa fi ọjà pa mọ́, wọ́n á máa kà á ní ìkàkukà, ìwé tuntun yín á sì ti ìdí bàjẹ́. Kí ọ̀gá kọ lẹ́tà kí ẹ tó ka ọjà, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n kà á sétí gbogbo èèyàn: ohun tí kò bá pé lọ́jọ́ ìkà àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ló gbà á, láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fún ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tí èyí tú ara àwọn èèyàn ká lójú ẹsẹ̀.

Ní ti bọ̀dá yín, ẹ pè wọ́n kí ẹ jọ jókòó ti ìwé gbèsè. Àwọn ló mọ̀ pé oníbàárà kan tó wà lórí ìlà mẹ́ta nínú ìwé náà, ẹnì kan ṣoṣo ni. Àwọn ló mọ ẹni tó ti san tí wọn kò fagi lé, àti ẹni tó ti kó kúrò ní ìlú. Kò sí ọmọ kọ̀ǹpútà kankan tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi wọ́n ṣe olórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn níwájú gbogbo èèyàn pé àwọn ni.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ́ èèyàn lónìí tí kò sì lò fún oṣù méjì ti fò lọ. Ẹ yan ẹnì kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ó lè máa dáhùn ìbéèrè àwọn yòókù lórí ìdúró. Ẹ wá fún gbogbo wọn ní ojú ìdánrawò tí ohun tí wọ́n bá bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní kan ìwé gidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ọjà pa dà níbẹ̀, kí wọ́n ṣe àṣìṣe owó kí wọ́n sì tún un ṣe, kí wọ́n gba owó tí apá kan rẹ̀ jẹ́ kéèṣì tí apá kejì jẹ́ tíránsífà. Títa ọjà wẹ́rẹ́ kì í ṣòro. Ibi tí oníbàárà ti ń bínú lórí ìlà ni èèyàn ti ń gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Akántáǹtì Àgbà (Ìkẹjà)

Lórí kíkọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń tajà kọ gbogbo ohun tó tà síbi méjì, ó máa pa ọ̀kan tì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò sì ní mọ èyí tó pa tì. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tajà kò gbọ́dọ̀ ní ju ètò kan lọ lọ́wọ́ wọn. Akántáǹtì yín ni kó máa fi ohun mẹ́ta wé ara wọn lọ́fíìsì: owó tó wọ báǹkì lójúmọ́, àpapọ̀ gbèsè àwọn oníbàárà, àti ìwọ̀nba oògùn kan tó ń tà jù, bíi ti ibà, tí ẹ máa fi ọwọ́ kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe déédéé ní ìparí oṣù méjì léraléra ní Abẹ́òkúta, ẹ gbé Òṣogbo kọjá, kí Ìbàdàn wá tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá ṣe déédéé, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Ohun kan tún kù tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà. Ẹ má ṣe ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, ẹ má sì fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Òfin ilé iṣẹ́, CAMA ti ọdún 2020, ní kí ilé iṣẹ́ pa ìwé ìṣirò owó mọ́ fún ọdún mẹ́fà, nígbà tó sì jẹ́ pé Peachtree nìkan ló lè ka fáìlì tó wà lórí rẹ̀, ẹ lè ní ìwé náà lọ́wọ́ kí ẹ má sì rí i kà. Ẹ tẹ ìwé ọdọọdún jáde sí PDF, ẹ kó gbèsè àti ìtàn owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan jáde sí Excel, ẹ fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sí ọ́fíìsì, ẹ̀dà kejì sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì máa tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.